Omi Iyọ̀ Nínú Ike Ẹ̀fọ́ Khàdíjàh

Mojíre, jókòó. Khàdíjàh, ìwọ náà gba inú pálọ̀ wa bọ́ sí fàráńdà níbí, má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí oníbàárà tí aránṣọ ní kó padà wá lọ́la. Lọ́la ni wọ́n máa gbé mi lọ sílé ìwòsàn kí dókítà lè fi abẹ yanjú ọ̀rọ̀ ìpá yìí. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ tó le. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni mí. Mo mọ̀ pé pákó tí ayùn bá ti kàn, kò sẹ́ni tó lè búra ibi tí yóò là dé. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò fẹ́ kí abẹ bá níbẹ̀. Èmi Adéagbo ni mo pa ẹ̀fọ́ yín. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe oòrùn. Khàdíjàh, kì í ṣe Mojíre. Mojíre, kì í ṣe Khàdíjàh. Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó pariwo. Ẹ mọ agídí mi. Bí ẹ bá dá mi dúró láàárín, mi ò ní lè tún un bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin méjèèjì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n óò gbé e láti ìdí, torí pé àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń rọra gun àtẹ̀gùn bọ̀ wá fetí lélẹ̀, wọn ò sì mọ ìgbà tí fàráńdà yìí kò ní ògiri. Nígbà tí Khàdíjàh kó wá sí Òkè-Ogbò yìí lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, tó gba yàrá tó kàn wá, ohun tó kọ́kọ́ gbé gòkè kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, kì í sì í ṣe máṣìnì ìránṣọ. Erùpẹ̀ ni. Erùpẹ̀ dúdú láti ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Ìyá ti kú, àwọn ẹbí sì ti ta ilé náà. Mo dúró lókè àtẹ̀gùn, mo ní, "Aránṣọ, ṣé o fẹ́ sin òkú sókè ilé ni?" Khàdíjàh, o gbójú sókè, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ, o ní, "Rárá o, Bàbá Ayọ̀bámi, ebi ni mo fẹ́ sin." Mojíre bú sẹ́rìn-ín nínú ilé. Ó jáde, ó bá ọ di etí àpò erùpẹ̀ kejì mú. Ọjọ́ náà ni mo pàdánù ìyàwó mi fún ọ, mi ò sì tètè mọ̀.

Kò pẹ́ tí fàráńdà fi di oko. Ike ọ̀dà tí ẹ lu nídìí kí omi lè máa jò jáde, kẹ́ẹ̀gì tí ẹ gé láàárín, ìkòkò ọbẹ̀ tó ti ya, àpò ìrẹsì, táyà ọkọ̀. Ohun tí ilé mìíràn ń gbé lọ sí àkìtàn ni ẹ̀yin ń gbé gòkè. Bí Khàdíjàh bá rí fídíò kan lórí fóònù nípa bí wọ́n ṣe ń gbin ata sínú ìgò, a jẹ́ pé ìgò yóò tún so rọ̀ sí irin fàráńdà nìyẹn. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ẹ̀fínrín, ewúro, tòmátò, gbogbo rẹ̀ ń wo ojú títì bí ẹni tó wá ṣèwòran. Òfin kan ṣoṣo ni ẹ ṣe: ẹnikẹ́ni lè já ewé nínú ike ẹnìkejì láìtọrọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fà á tu. "Já, má fà." Mo máa ń gbọ́ ọ látinú yàrá bí ẹ bá ń bá ara yín ṣeré. Mojíre á já ṣọkọ Khàdíjàh, ìṣasùn ọbẹ̀ á sì padà lọ sílé Khàdíjàh lọ́sàn-án. Èmi ni mo kan pẹpẹ pákó tí àwọn ike ń jókòó lé. Ẹ yìn mí lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn. Mojíre, orin tí o máa ń kọ láàárọ̀ bí o bá ń bomi rin wọ́n, ìyẹn ló ń jí mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Mo máa ń dùbúlẹ̀, mo máa ń dibọ́n pé oorun ṣì wà lójú mi kí o má baà dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àga mi, èyí tí mo ń jókòó lé láti wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ike kan dé, ẹ ní kí n sún díẹ̀. Ike mìíràn dé, ẹ ní kí n sún sí i. Títí mo fi dé igun yìí, tí ewé tòmátò ń yọ mí lẹ́nu ní etí. Ìyẹn ṣì rọrùn. Ọjọ́ tí àwọn àna wa wá kí wa, àwọn òbí ọkọ Ayọ̀bámi, mo wọ bùbá tuntun, mo jókòó bí onílé. Khàdíjàh gbé abọ́ omi jáde, ó wò mí láàárín àwọn ike, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ti ta gbòǹgbò síbẹ̀ ni? Ìyá Ayọ̀bámi, ẹ wá bomi rin Bàbá o, etí wọn ti ń rọ!" Àwọn àna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mojíre, ìwọ náà rẹ́rìn-ín, o sì ki ọwọ́ bọ omi, o wọ́n ọn sí mi lẹ́sẹ̀. Àwàdà ni. Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Èmi náà fi eyín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ inú mi lọ́jọ́ náà kò jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí láti kékeré. Onígbàjámọ̀ tó fá irun mi ju bó ṣe yẹ lọ, mo bá a yan odì títí tó fi kú. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà kí n má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀. Tíṣà ní èmi ni mo jí ṣọ́ọ̀kì. Èmi kọ́. Mo búra, kò gbà. Mo gbé àpótí ìjókòó mi lé orí, mo lọ sílé ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi nà mí, ìyá mi bẹ̀ mí, mi ò padà síbẹ̀ títí dòní. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló mú kí ohun tí mo ṣe burú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí wọ́n ti fẹ̀sùn èké kàn rí ni mí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Khàdíjàh lọ kírun, Mojíre lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Mo bu iyọ̀ nínú ike iyọ̀ Mojíre. Mo wá ohun tí n óò fi pò ó, búútà àlùwàlá rẹ ló wà nítòsí, Khàdíjàh. Òun ni mo lò. Ẹ wo èmi àgbàlagbà, mò ń po iyọ̀ nínú ohun tí obìnrin fi ń wẹ̀ mọ́ kó tó dúró níwájú Ọlọ́run. Mo dà á sí ìdí tòmátò tó ń yọ etí mi lẹ́nu. Mo ní ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jímọ̀ mìíràn dé, ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà. Mo dà á sí ata, mo dà á sí ṣọkọ. Etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ìwé tí iná lá lẹ́ẹ̀kan. Khàdíjàh kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ṣé ẹ ò fẹ́ ilé yìí mọ́ ni?" Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wà níbí, ṣé ẹ ò rí nǹkan kan?" Mo ní, "Bóyá oòrùn ni." Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ewu tí mi ò rí ni pé orí pẹpẹ kan náà ni gbogbo ike yín wà. Ti Khàdíjàh ń kú, ti Mojíre ń tutù yọ̀yọ̀. Mo jókòó sórí àga yìí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Khàdíjàh ní, "Ìyá Ayọ̀bámi, omi kan náà là ń bù. Kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi nìkan ló ń kú?" Mojíre gbé ọwọ́ kúrò nínú ewúro. "Ṣé èmi lò ń bi?" "Mi ò bi ẹnikẹ́ni, ẹnu ló kàn ń yà mí." "Ẹnu ń yà ọ́, ojú mi lo wá ń wò." "Ìyá mi, ibo ni kí n wò?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó jáde lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì. Lálẹ́, Mojíre kò jẹun. Ó ní, "Bàbá Ayọ̀bámi, èmi ni Khàdíjàh rò pé mo lè ṣe é ní ibi." Mo wò ó, mo rí ara mi pẹ̀lú àpótí lórí, tí mò ń ti ilé-ìwé bọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Khàdíjàh tún irúgbìn gbìn sínú ike wọ̀nyẹn, kò hù. Ó ní ojú burúkú ti wọ erùpẹ̀ náà. Mo rí ọ, Khàdíjàh, bí o ṣe ń rù ú sọ̀ kalẹ̀, ike kan tẹ̀lé ike kan, tí o ń dà á sí àkìtàn ẹ̀yìn ilé. Erùpẹ̀ ìyá rẹ. Ohun tó kù fún ọ ní ilẹ̀ tí wọ́n bí ọ sí nìyẹn. O dúró tì í díẹ̀, o gbọn ọwọ́ rẹ nù, o sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bí mo bá ti la ẹnu níjọ́ náà, ẹ̀ bá ti bú mọ́ mi, ẹ̀ bá sì ti gbé e padà.

Dípò kí n sọ̀rọ̀, mo lo ọgbọ́n. Ẹ wo ọgbọ́n aṣiwèrè. Mo ní bí ti Mojíre náà bá kú, Khàdíjàh á mọ̀ pé àrùn ni, kì í ṣe ìyàwó mi. Ìfẹ́ ni mo pè é. Mo bu omi iyọ̀ sí ìdí ewúro Mojíre, mo bu ú sí tẹ̀tẹ̀, mo bu ú sí ẹ̀fínrín tí òórùn rẹ̀ máa ń bá mi wọ inú oorun. Ìkánjú mú mi, iyọ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí oòrùn fa omi náà gbẹ, nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ etí ike bí ìyẹ̀fun. Mojíre fi ìka kan án, ó fi kan ahọ́n. Ó wá bá mi, ìka náà ṣì wà lókè bí ìka ọmọ tó gbọgbẹ́. Ó ní, "Iyọ̀ ni. Ènìyàn ló ṣe é. Bàbá Ayọ̀bámi, ṣé Khàdíjàh lè ṣe èyí sí mi?"

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa, torí òun ló burú jù. Kì í ṣe iyọ̀ ló burú jù. Mojíre kò gbà pé ìwọ ni, Khàdíjàh. Ó fẹ́ kí n sọ pé rárá. Ó ń wo ẹnu mi, ó ń bẹ ẹnu mi. Mo sì sọ fún un pé, "Kí lo retí? Ṣé kì í ṣe ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni?"

Ó ti jáde báyìí. Èmi ni mo sọ ọ́, èmi ọmọ Ifẹ̀ tí ọ̀rẹ́ mi Abdulwahab, ọmọ Modákẹ́kẹ́ pọ́ńbélé, bá tọ́jú àpótí irinṣẹ́ nígbà tí rògbòdìyàn lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìlú rọ̀, ó rù ú wá bá mi. Ó ti fi epo pa ayùn kí ó má baà dípẹtà. Ayùn yẹn gan-an ni mo fi gé pákó ògiri yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, torí Mojíre wá ní, "Ẹ bá mi gbé nǹkan sáàárín wa, mi ò fẹ́ máa rí i." Khàdíjàh náà pè láti ìhà ọ̀hún pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó ga o!" Mo kàn án kó ga. Ìṣó gígùn ni mo lò. Bí mo ṣe ń kàn án, Mojíre gbé omi tútù fún mi níhìn-ín, Khàdíjàh na ife omi tútù tirẹ̀ sí mi láti ọ̀hún. Mo mu méjèèjì. Nísàlẹ̀, mo gbọ́ tí Roqeeb tó ń gbé níbẹ̀ ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ náà ni." Roqeeb, mi ò bá ọ jà. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.

Ilé yìí dákẹ́ lẹ́yìn náà. Àga mi gba àyè rẹ̀ padà, kò sí ewé kankan létí mi mọ́. Orin òwúrọ̀ kò sí mọ́. Máṣìnì Khàdíjàh nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn pákó. Mojíre ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà, ó ń sè é, kò dùn, mo ń jẹ ẹ́. Khàdíjàh wá gbin elégédé kan sínú ike tuntun. Ewéko yẹn kò mọ̀ pé ìjà wà. Ó gun pákó, ó rọ̀ mọ́ orí ìṣó mi, ó yọ orí sí ìhà wa. Mo ní Mojíre á gé e. Mojíre wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fa òwú kan yọ létí ìró rẹ̀, ó fi dè é mọ́ ìṣó kí atẹ́gùn má baà já a. Nígbà tó so, orí pákó gan-an ni èso kan ṣoṣo náà jókòó sí. Mojíre kò já a, ó ní ti Khàdíjàh ni. Khàdíjàh kò já a, ó ní ó ti bọ́ sí ìhà Mojíre. Ó tóbi, ó gbó, ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbójú sókè. Èmi tí mo wà lórí àga yìí rí ẹ̀yin méjèèjì bí ẹ ṣe ń yọjú wò ó, ẹnìkan láàárọ̀, ẹnìkan nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ò bá ara yín ṣọ̀tá. Ẹ ń dúró de ara yín ni.

Ìyẹn ló kọ́kọ́ là mí lójú. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ lórí redíò, nínú ètò àwọn àgbẹ̀, pé bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú erùpẹ̀ ike, èèyàn lè máa da omi tó mọ́ gba inú rẹ̀ kọjá títí iyọ̀ yóò fi bá omi jáde nídìí. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo kó erùpẹ̀ rẹ kúrò ní àkìtàn, Khàdíjàh, èyí tí òjò kò tíì gbé lọ. Mo dì í sínú àpò tí mo ti pa tì, mo gbé e. Ìgbà náà ni nǹkan já ní abẹ́ ikùn mi. Dókítà bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ gbé?" Mo ní pákó ni. Mojíre, o ti ń gbé omi gbígbóná fún mi láti ọjọ́ náà nítorí pákó. Kì í ṣe pákó. Erùpẹ̀ ìyá ẹni tí mo ṣẹ̀ ni. Mo fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe wí, mo ń fi ahọ́n tọ́ omi tó ń jáde wò, títí kò fi ní iyọ̀ kankan mọ́. Mo bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì kan, mo wọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí i, mo gbé e pamọ́ sí fèrèsé ṣẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ mi.

Mi ò ní fi ohunkóhun pa mọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí náà. Mo fẹ́ gbé agolo náà sí ẹnu ọ̀nà Khàdíjàh kí n sì sá. Ṣùgbọ́n Khàdíjàh gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la mí. Ó gba pálọ̀ wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kan ògiri. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ abẹ kò ṣeé fojú di. Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ní mímọ̀ tàbí ní àìmọ̀, ẹ forí jì mí nítorí Ọlọ́hun." Mojíre wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ bó ṣe ń fa imú. Mo ní kí Khàdíjàh dìde, ó ní àfi bí mo bá dárí jì í. Mo dárí jì í. Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo dárí jì í! Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé gbígbé agolo sílẹ̀ kò tó.

Tẹ̀tẹ̀ náà rèé nínú agolo. Ó ti hù, ẹ wo bó ṣe kéré. Gbà á, Khàdíjàh. Ìyókù erùpẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì. Mi ò ní kí ẹ tètè dárí jì mí. Èmi tí mo bá onígbàjámọ̀ yan odì dé ojú oórì, ojú wo ni n óò fi ní kí ẹ yára? Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó sí ìhà kan náà, kí ẹ jọ bínú sí mi. Roqeeb, ìwọ àti ìyàwó rẹ lórí àtẹ̀gùn yẹn, ẹ ṣì kéré sí ilé ayé. Bí ẹnìkan bá fi yín ṣe àwàdà tó dùn yín, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ó dùn yín. Ojú á tì yín díẹ̀. Ìtìjú díẹ̀ sàn ju ògiri tí ẹ óò máa gbé ẹ̀yìn rẹ̀.

Mojíre, hámà rèé. Dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan tó wúwo mọ́, ìṣó tí mo kàn sì gùn. Ẹnìkan kò lè dá a yọ. Kí ìwọ fà, kí Khàdíjàh di pákó mú. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, àfi pákó àárín tí elégédé rọ̀ mọ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ẹ jọ já èso náà, ẹ fi sebẹ̀. Bí ẹ bá sì ti to ike padà, ẹ má fi àyè sílẹ̀ fún mi ju bó ṣe yẹ lọ, igun mi ti tó mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ. Bí ẹ bá bomi rin ẹ̀fọ́ tán, tí omi bá ṣẹ́ kù nínú abọ́, Khàdíjàh, wọ́n ọn sí mi lẹ́sẹ̀. Etí mi ti rọ tipẹ́.